Pátákó, ìbéèrè, láàbù tàbí fóònù: èwo ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ẹnjiníà ọdún kìn-ín-ní ní físíìsì?

Ẹ mú ọsàn kan, ẹ jù ú sókè lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: nígbà tí ọsàn yìí dé téńté, tó dúró fírí kó tó máa bọ̀ nílẹ̀, mélòó ni acceleration rẹ̀, ìyẹn bí ìyára rẹ̀ ṣe ń yí padà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní òdo ni. Àwọn tó gba A1 nínú WAEC á wà lára wọn. Wọ́n mọ 9.8 lórí, ìyẹn acceleration tí fífà ilẹ̀ ń fún ohun tí a jù, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ lójú oorun, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ohun tó dúró. Ọdún kẹjọ mi rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní Òṣogbo, ọsàn yẹn ò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sábà máa ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo ló dáa jù?” Mẹ́rin ni mo ti lò, n ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbí. N ò ní ṣe bí ẹni pé ọgbọọgba ni wọ́n lójú mi.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tó kan ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, là sílẹ̀, PHY 101 ni mẹkáníìkì, PHY 102 ni iná mànàmáná àti òòfà, PHY 107 àti 108 sì ni practical. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ìṣirò: MTH 101 ni áljébrà àti trigonometry, MTH 102 tó wà ní sáà kejì ló gbé kálíkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ PHY 101 ò lè rìn jìnnà kó tó nílò kálíkúlọ́ọ̀sì. Ó dà bí ìgbà tí a gbé eegun ẹran fún ọmọ tí kò tíì hu eyín. Èmi ti pinnu pé n ò ní máa kọ d-lórí-d, àmì kálíkúlọ́ọ̀sì, sójú pátákó ní oṣù àkọ́kọ́. Gráàfù ni mo ń lò. Lórí gráàfù ibi tí nǹkan wà sí àkókò, bí ìlà ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyára ṣe pọ̀ tó. Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà ìyára ni ibi tí nǹkan rìn dé. Tí MTH 102 bá wá dé, wọ́n á rí i pé àwọn ti mọ ọ̀rẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn ò mọ̀.

Pátákó

Ẹ jẹ́ ká má fojú tín-ín-rín pátákó. Ẹni tó dúró níwájú ọmọ 300 nínú gbọ̀ngàn tí fáànù méjì péré ń yí, tí NEPA sì lè mú iná lọ nígbàkigbà, kò ní ohun tó dá a lójú ju ṣọ́ọ̀kì àti ohùn ara rẹ̀ lọ.

Pátákó ló dáa jù fún ìtàn tó gùn, èyí tí olùkọ́ ní láti fọwọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí gíríìdì iná gbogbo Nàìjíríà wà, n kì í sì í jẹ́ kí PHY 102 parí láìsọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí wáyà ńlá tó ń gba inú igbó kọjá fi ń gbé fóltì 330,000? Ẹ kọ P = IV: P ni wáàtì, I ni kọ́rẹ́ǹtì, V ni fóltì. Bí ẹ bá fẹ́ fi mẹ́gáwáàtì 100 ránṣẹ́, tí ẹ wá dín fóltì kù sí 33,000, kọ́rẹ́ǹtì á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ooru tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ń tẹ̀lé I²R (R ni bí wáyà ṣe ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà tó), nítorí náà òfò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìlà mẹ́ta lórí pátákó, ó tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ìdí tí 50 Hz, iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fi ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ìlú bá ń fa iná ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ. Tọ́báìnì tó ń yí ní Kainji rí ẹrù tó ju omi tó ń tì í lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́. Kò sí ọmọ tó ń sùn nígbà tí mo bá wà lórí ìtàn yẹn, torí gbogbo wọn ló mọ ohun tí òkùnkùn ń jẹ́.

Ibi tí pátákó ti ń tàn wá jẹ ni pé ó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò láì kọ́ ọ ní òye. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí. Garawa àti omi inú rẹ̀ jẹ́ kìló 10. Ẹ ń fà á jáde nínú kànga, ìyára rẹ̀ ò yí padà. Níútìn mélòó ni okùn fi ń fà á? Ọmọ á ṣe ìṣirò, á rí 98, á sì gba máàkì rẹ̀. Ẹ wá bi ọmọ yẹn kan náà láìsí nọ́ńbà: ṣé bí okùn ṣe ń fà á sókè ju ìwúwo garawa lọ? “Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí kò bá jù ú lọ, báwo ló ṣe ń gòkè?” Orí kan náà ló gbé ìdáhùn méjèèjì, wọn ò sì bá ara wọn jà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fà á tí ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ká ní acceleration rẹ̀ jẹ́ 2, ló tó ju ìwúwo rẹ̀ lọ, tó di 118. Ọmọ náà lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú, kó sì tún sọ ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe àwọn ọmọ tiwa nìkan. Ní 1992, David Hestenes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kan jáde tó ń jẹ́ Force Concept Inventory. Kò sí ìṣirò nínú rẹ̀ rárá, irú ìbéèrè garawa wa yìí ló kún ibẹ̀. Ní 1998, Richard Hake kó èsì akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000 jọ láti kíláàsì 62. Nínú kíláàsì 14 tí olùkọ́ ti ń dá sọ̀rọ̀, tí a bá pín ohun tí àwọn ọmọ ò mọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 23 ni wọ́n mú jáde. Nínú kíláàsì 48 yòókù, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ kó sì fọwọ́ kan nǹkan, ó tó 48. Ẹnì kan lè ní Amẹ́ríkà nìyẹn, wọ́n ní iná. Bóyá. Ọsàn ń já bọ́ bákan náà níbẹ̀ àti níbí.

Ìbéèrè àti iyàn

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí náà n ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Eric Mazur ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Harvard ní 1991. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dákẹ́, ẹ kọ ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn A dé D. Ìṣẹ́jú kan láti dá rò ó, ẹnu ò gbọdọ̀ dún. Kí wọ́n dìbò. Lẹ́yìn náà, kí oníkálùkù wá aládùúgbò tí ìdáhùn tiẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n jiyàn fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Kí wọ́n tún dìbò. Bí ó bá lé ní 70 nínú 100 tó gbà á lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí wọn ò bá tó 30, ẹ tún un kọ́, torí afọ́jú méjì ò lè júwe ọ̀nà fún ara wọn. Àárín méjèèjì ni iyàn ti ń so èso.

Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń dìbò. Ẹ gbàgbé ẹ̀rọ. Ìka ọwọ́ ni mo ń lò: ìka kan fún A, méjì fún B, títí dé mẹ́rin fún D. Kí wọ́n gbé ọwọ́ náà lé àyà, kí wọ́n má nà án sókè, torí bí ọmọ kan tí wọ́n mọ̀ sí olórí pípé bá na ọwọ́ sókè, gbogbo ìlà ẹ̀yìn á ṣe bíi tiẹ̀. Mo ti dán páálí aláwọ̀ mẹ́rin wò rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti fi ṣe abẹ̀bẹ̀ tán.

Ìbéèrè tó ń dá iyàn sílẹ̀ jù ní Òṣogbo ni ti kòròpè, ọkọ̀ akérò kékeré, àti tírélà. Wọ́n kọlu ara wọn lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i). Èwo ló ti èkejì jù? Gbọ̀ngàn á gbóná. “Tírélà ni! Ẹ ò rí bí kòròpè ṣe máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀ ni?” Ẹnì kan á ní kòròpè ò ti tírélà rárá, ó kàn wà lọ́nà ni. Òfin kẹta Newton, tó ti wà nínú ìwé láti 1687, ní bí tírélà ṣe ti kòròpè ni kòròpè ṣe ti tírélà, gẹ́lẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí títì yẹn ṣe fún oníkálùkù. Bí kòròpè bá jẹ́ kìló 1,000, tí tírélà sì jẹ́ 30,000, títì kan náà á fún kòròpè ní acceleration ìlọ́po 30 ti tírélà. Ìyẹn ló ń rún un.

Lọ́dún kan, iyàn yẹn ti lọ títí, n ò tíì dá sí i, ni ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé bá dìde: “Ṣé pé tí mo bá ń gún iyán, odó náà ń gún ọmọ odó padà?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kí ó tún un sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ́pò èyí tó wà nínú nóòtì mi. Ẹni tó bá ti gúnyán rí mọ̀ pé ọwọ́ ń gba tirẹ̀ padà.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi bá wa mu ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ rèé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í já olùkọ́ rẹ̀ níyàn. Bí ẹ bá béèrè pé “Ó yé yín?”, wọ́n á ní “Ó yé wa sà,” ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe òye. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kan náà, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, á bá a jiyàn bọ́ọ̀lù láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà láì mí. Irú ẹnu yẹn ni físíìsì nílò.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn, Yorùbá ni, bẹ́ẹ̀ “agbára” kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún force, fún energy àti fún power. Mo ti gbọ́ kí ọmọ méjì jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí agbára, tí ọ̀kan ń sọ force, tí èkejì ń sọ energy. Mo ní kí wọ́n máa pe force ní “títì tàbí fífà”, kí wọ́n sì máa bi ara wọn pé: kí ló ń tì í tàbí fà á? Bí kò bá sí ohun tó ń tì í tàbí fà á, kò sí force níbẹ̀. Ìbéèrè kékeré yẹn nìkan ti mú àìmọye àṣìṣe kúrò nínú àwòrán wọn.

Àléébù rẹ̀ ò kéré. Sílábọ́ọ̀sì ò ní parí bí ẹ bá ń kọ́ gbogbo ẹ̀ tán nínú kíláàsì. Ẹ ní láti fún wọn ní ohun tí wọ́n á kà nílé, àwọn kan ò sì ní kà á. Ariwo wà. Olùkọ́ tó wà ní kíláàsì kejì á wá wò yín. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ á máa ráhùn pé ẹ ò kọ́ àwọn ní nǹkan kan, àwọn fúnra àwọn lẹ ní kí àwọn máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yẹ irú ẹ̀sùn yẹn wò ní Harvard, èsì rẹ̀ jáde ní 2019: àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì gbà pé ohun tí àwọn kọ́ kéré ju ti àwọn tó jókòó gbọ́ ọ̀jáfáfá olùkọ́, bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, àwọn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Ìwádìí mìíràn tó kó iṣẹ́ 225 jọ ní 2014 rí i pé nínú kíláàsì tí olùkọ́ ti ń dá sọ̀rọ̀, 33.8 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, 21.8. Mo máa ń sọ èyí fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìráhùn.

Láàbù

Nínú ìwé, láàbù ló yẹ kó borí gbogbo wọn. Ní ti gidi, ọmọ mẹ́wàá ló yí irin iṣẹ́ kan ká, ẹnì kan ń ṣe é, ẹnì kan ń kọ ọ́, mẹ́jọ yòókù ń dúró de ẹni tó ń kọ ọ́. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kódà ẹni tó ń ṣe é ò ṣe é: ìwé àwọn ọdún tó kọjá ni wọ́n ń dà kọ. “Sísè” ni àwọn ọmọ ń pè é, èsì tí wọ́n sè. Ó máa ń dùn ju èsì gidi lọ, ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Oògùn rẹ̀ ni kí iṣẹ́ náà kéré, kí irin iṣẹ́ pọ̀. Okùn kan, àgádágodo kan, fóònù tó ní aago. Kí okùn náà gùn tó mítà kan láti ibi tí ẹ so ó mọ́ dé àárín àgádágodo. Ẹ jẹ́ kó fì lọ kó sì fì bọ̀ ní ìgbà ogún kí ẹ tó tẹ aago dúró, torí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń pẹ́ díẹ̀, bí ẹ bá sì pín pípẹ́ yẹn sí ọ̀nà ogún, kò ní lágbára mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40.1, ìfì kan, lọ àti bọ̀, jẹ́ 2.005, g, ìyẹn 9.8 ti ọsàn yẹn, á sì jáde ní 9.82. Inú ọmọ máa ń dùn débi pé á fẹ́ fi òmíràn dán an wò.

Fún iná, ẹ má gbé 230 fóltì síwájú ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ẹ ra gílóòbù 12 fóltì onírúurú, wáàtì 5 àti wáàtì 10. Ẹ so wọ́n tẹ̀ léra mọ́ bátìrì, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa mọ́lẹ̀ jù. Wáàtì 10 ni gbogbo wọn á mú. Wáàtì 5 ló máa mọ́lẹ̀ jù, torí òun ló ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà jù: nǹkan bí óòmù 29 sí 14, kọ́rẹ́ǹtì kan náà sì ló ń gba inú méjèèjì kọjá. Ẹ gba ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹ tó tan iná. Ọmọ tí kò tíì sọ ohun tó rò, kò ní ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn máa já.

Fóònù

PhET, àwọn àwòrán físíìsì tí ọmọ lè máa fọwọ́ yí lójú fóònù, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Colorado ní 2002, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè wa àwọn kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín wọn fún kíláàsì nípa Xender, kò ní jẹ dátà mọ́. Ohun tí ojú ò rí ni mo ń fi í ṣe: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí òòfà ṣe ń tàn káàkiri. Fún ohun tí ẹ lè fọwọ́ mú, ẹ fọwọ́ mú un. Nǹkan inú fóònù máa ń mọ́ jù, ọmọ á sì rò pé báyé ṣe rí nìyẹn.

Phyphox, áàpù kan láti yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì, ló yà mí lẹ́nu jù, torí fóònù fúnra rẹ̀ ló sọ di irin iṣẹ́. Ẹ ṣí acceleration tí wọ́n kọ “with g” sí. Fóònù tó wà lórí tábìlì á kọ nǹkan bí 9.8. Ẹ jẹ́ kó já bọ́ sórí tìmùtìmù (fóònù yín, kì í ṣe ti ọmọ ọlọ́mọ): bó ṣe ń já bọ̀, á kọ nǹkan bí òdo. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ti ní òdo ni ti ọsàn máa ń pariwo: “Sà, ẹ wò ó! Òdo ni!” Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Fóònù ò wọn fífà ilẹ̀. Títì tábìlì ló ń wọ̀n, tábìlì ò sì sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi èyí bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọsàn ò tíì yé, fóònù á tún dà á rú.

| | Ohun tí ẹ nílò | Iye ọmọ | Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Pátákó | ṣọ́ọ̀kì, ohùn | 300 pàápàá | wọ́n ṣírò, kò yé wọn |
| Ìbéèrè | ìka ọwọ́ wọn | 300, bí ẹ bá lè gba ariwo | sílábọ́ọ̀sì, ìráhùn |
| Láàbù | okùn, àgádágodo, gílóòbù ọ̀kadà | mẹ́rin sídìí tábìlì | sísè |
| Fóònù | bátìrì tó kún, dátà ẹ̀ẹ̀kan | méjì-méjì | WhatsApp |

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Bí ọmọ bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má wulẹ̀ rò ó jìnnà: pátákó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìbéèrè kan, pátákó, ìbéèrè kan. Wákàtí ti pé. Èyí ni mo ń ṣe ní PHY 101, mo sì gbà pé kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì yòókù tó lè rọ́pò rẹ̀ fún iye tó ń ná yín.

Bí wọ́n bá kéré, bí i ti àwọn ọmọ JUPEB, tí wọ́n ń múra àtiwọ yunifásítì, tàbí àwọn tó ń gba lẹ́sìn (lesson), ẹ yí i padà: láàbù kékeré ṣáájú, pátákó lẹ́yìn. Ní PHY 102, gílóòbù lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, PhET nígbà tí ẹ bá dé field (bí òòfà àti iná ṣe ń tàn káàkiri), gíríìdì ní ìparí sáà. Ẹni tí wọ́n bá fi sí PHY 107 nìkan, kó máa yí gígùn okùn padà fún tábìlì kọ̀ọ̀kan. Èsì tábìlì kan ò ní wúlò fún èkejì, sísè á di iṣẹ́ tó le ju ṣíṣe lọ.

Ẹ lè rí àgádágodo kéékèèké rà ní Ọjà Ìgbọ́nà. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ wọn kúrò kí ẹ tó pín wọn, torí ọmọ kan á fi ti àpótí rẹ̀ kí sáà tó parí.